Kí ló dé tí ìsìn Júù kan kì í fi í jọ òmíràn?

Bí ẹ bá wo fídíò ìsìn Júù mẹ́ta tẹ̀léra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rò pé ẹ̀sìn mẹ́ta lẹ wò. Nínú ọ̀kan, àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú, tí wọ́n dé fìlà onírun gàgàrà, ń mì síwájú mì sẹ́yìn, kálukú ń dá àdúrà tirẹ̀ gbà, ẹ ò sì ní rí obìnrin kankan láàárín wọn. Nínú èkejì, obìnrin ni rábì fúnra rẹ̀, ó gbé gìtá kọ́rùn, ọkọ àti aya jókòó tira wọn, wọ́n kọ Hébérù, wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ẹ̀kẹta, àwọn bàbá yí tábìlì kan ká, àpótí roboto tí wọ́n fi fàdákà bò dúró lóòró níwájú wọn, ohùn orin wọn sì jọ ti àwọn Lárúbáwá gan-an. Kì í pẹ́ tí àwọn èèyàn wa fi máa ń béèrè pé èwo nínú wọn ni ojúlówó Júù.

Ojúlówó ni gbogbo wọn. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ìbéèrè méjì ló wà ńlẹ̀, a sì máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìkíní ni pé ibo làwọn baba ńlá ìjọ yìí gbé kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà báyìí? Èyí ló ń sọ irú orin tí wọ́n máa kọ, bí wọ́n ṣe máa pe Hébérù, àti bí wọ́n ṣe máa to ìjókòó. Ìkejì ni pé báwo ni ìjọ náà ṣe di òfin Mósè àti àlàyé àwọn rábì mú tó? Èyí ló ń sọ bóyá obìnrin lè ka Tórà, ìyẹn ìwé òfin Mósè, níwájú ìjọ, bóyá wọ́n lè tẹ dùùrù, bóyá èèyàn lè wa mọ́tò wá sí ìsìn. Ẹni tó mọ ìdáhùn sí ọ̀kan kò tíì mọ ìdáhùn sí èkejì.

Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù lọ́dún 70, ẹbọ rírú dópin, nítorí ibẹ̀ nìkan ni òfin gbà kí wọ́n ti máa rú u. Àdúrà ló gba ipò ẹbọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń gbà á: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ní ọjọ́ Sábáàtì, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó sì ń parí nígbà tí ilẹ̀ Sátidé bá ṣú, wọ́n ní àfikún kan tó dúró fún ẹbọ àfikún tí wọ́n máa ń rú lọ́jọ́ náà láyé Tẹ́ḿpìlì. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀kan ni “Gbọ́, Ísírẹ́lì: Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni,” láti inú Diutarónómì orí kẹfà. Èkejì ni àdúrà tí wọ́n ń dúró gbà, tí wọ́n ń pè ní Amidah, tí wọ́n ń kọjú sí Jerúsálẹ́mù gbà. Ìsìn ti gìtá, ìsìn ti fìlà onírun, ẹ ó bá méjèèjì níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwa tí a dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣì lóye. Rábì kì í ṣe àlùfáà. Olùkọ́ òfin ni, òun ni wọ́n ń bi léèrè bí ọ̀rọ̀ òfin bá ta kókó. Ìran Áárónì ni àlùfáà, iṣẹ́ wọn sì ti dín kù gan-an látìgbà tí Tẹ́ḿpìlì ti wó. Ìjọ lè ṣe ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí rábì níbẹ̀ rárá. Èèyàn mẹ́wàá tó ti bàlágà ni wọ́n nílò, èyí tí wọ́n ń pè ní minyan, àti ẹnì kan láàárín wọn tó mọ àdúrà dáadáa láti máa ṣáájú. Wọn ò ní olórí kan ṣoṣo lágbàáyé bíi póòpù. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Rábì Amram ní Bábílónì kọ ètò àdúrà ránṣẹ́ sí àwọn Júù ilẹ̀ Sípéènì tí wọ́n béèrè fún un, ètò yẹn ni ìwé àdúrà wọn ṣì ń tọ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n Amram kò kọ ohùn orin mọ́ ọn, kò sì sọ ibi tí tábìlì máa wà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí èyí tó kù.

Orúkọ mẹ́ta lẹ máa ń gbọ́ jù. Ashkenazi ni àwọn tí baba ńlá wọn gbé Jámánì, tí wọ́n sì tàn dé Pólándì, Rọ́ṣíà àti àyíká rẹ̀. Sefaradi ni ìran àwọn tí ọba àti ayaba Sípéènì lé jáde lọ́dún 1492, tí wọ́n fọ́n ká sí Mòrókò, Tọ́kì àtàwọn ibòmíràn, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn kan sì dé Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù. Mizrahi ni wọ́n ń pe àwọn ti Ìráàkì, Síríà, Páṣíà àti agbègbè wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àdúrà wọn ti sún mọ́ ti Sefaradi débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀ láìgbọ́ èdè, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé Tórà jáde láàárọ̀ Sátidé. Awọ ẹran ni ìwé náà, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, wọ́n sì ká a mọ́ igi méjì. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí fáwẹ̀lì, kò sí àmì ohùn. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n gbé ìwé Yorùbá tí kò lámì kankan fún, tí wọ́n ní kó kọ ọ́ lórin níwájú èrò láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Bó bá ṣì í, àwọn àgbà tó yí i ká á kígbe àtúnṣe mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan awọ náà. Ọ̀pá kékeré tí orí rẹ̀ rí bí ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ ìlà.

Lọ́dọ̀ Ashkenazi, aṣọ ni wọ́n fi ń wọ ìwé náà, àrán lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á bọ́ aṣọ, wọ́n á tẹ́ ìwé sórí tábìlì, wọ́n á kà á. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá kà á tán ni ẹnì kan tó lágbára á di igi méjèèjì mú, á fi ìsàlẹ̀ wọn ti etí tábìlì, á gbé e sókè ní ṣíṣí, á sì yí i kí gbogbo ìjọ lè rí ibi tí wọ́n kà. Iṣẹ́ agbára ni, pàápàá nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, tó jẹ́ pé gbogbo awọ náà ti ká sí igi ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìkejì sì fúyẹ́. Kálukú a máa mí kanlẹ̀ nígbà tó bá jókòó pẹ̀lú rẹ̀, torí bí Tórà bá já bọ́, àṣà ni pé àwọn tó ṣojú wọn á gbààwẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Ìráàkì, Síríà tàbí Yemen, àpótí onígi tàbí ti fàdákà ni ìwé náà ń gbé. Òun lẹ rí nínú fídíò kẹta yẹn. Wọn kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀. Wọ́n á ṣí àpótí náà bí ẹni ṣílẹ̀kùn, wọ́n á sì ka ìwé náà lóòró bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó kà á sì ni wọ́n ti ń gbé e han ìjọ. Àwọn Sefaradi ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amsterdam mú díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún: aṣọ ni wọ́n fi ń wọ tiwọn, àmọ́ kí wọ́n tó kà á ni wọ́n ń gbé e sókè.

Àwọn ará Yemen ló gbóná jù nídìí kíkà. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ẹni tí wọ́n bá pè síbi Tórà á kàn súre ṣáájú àti lẹ́yìn, akàwé tó mọ̀ ọ́n kà ló máa bá a ka ti inú rẹ̀. Ní ti Yemen, ẹni tí wọ́n pè ló máa ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ọmọdékùnrin kan á wá ka ìtumọ̀ ẹsẹ náà sókè ní èdè Árámáíkì, èdè tí àwọn Júù ń sọ nílé láyé àtijọ́. Ìyókù ayé Júù ti pa èyí tì tipẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà pàápàá yàtọ̀. Nínú sínágọ́gù Ashkenazi àtijọ́, kálukú ń ka tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe lè yá tó, ẹni tó ń ṣáájú á kàn gbóhùn sókè ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n dé. Àlejò lè rò pé kò létò. Ètò wà níbẹ̀, kò kàn pariwo ara rẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ Sefaradi àti Mizrahi, ẹni tó ń ṣáájú ń ka ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àdúrà náà sókè, ìjọ sì ń gbè é lẹ́yìn. Àwọn ará Síríà tó wà ní Brooklyn tún ní tiwọn: ìlànà ohùn orin Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní maqam ni wọ́n fi ń kọ àdúrà Sátidé, wọ́n sì ń yan maqam ọ̀sẹ̀ náà ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí wọ́n máa kà nínú Tórà. Ìbùkún àwọn ìran Áárónì náà wà ńbẹ̀, tí wọ́n fi ìborùn àdúrà bo orí, tí wọ́n na ọwọ́ síwájú. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ Sefaradi ń gbà á. Ashkenazi tí kò sí ní Ísírẹ́lì, àfi ọjọ́ àjọ̀dún.

Àwọn Sefaradi Amsterdam kọ́ sínágọ́gù ńlá wọn parí lọ́dún 1675, títí dòní kò sí iná mànàmáná nínú gbọ̀ngàn rẹ̀, àbẹ́là ni wọ́n ń tàn bí ilẹ̀ bá ṣú. Iyanrìn ni wọ́n dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá a tan ní Lọ́ńdọ̀nù ni Bevis Marks, ti 1701, tí wọn ò ṣíwọ́ ìsìn níbẹ̀. Àwọn Júù Amsterdam yìí kan náà ló dá sínágọ́gù àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Recife ní Brazil, nígbà tí àwọn Dutch ń ṣàkóso ibẹ̀. Nígbà tí àwọn Potogí gba ìlú náà padà lọ́dún 1654, àwọn Júù ibẹ̀ túká, díẹ̀ nínú wọn sì dé ibi tó di New York lónìí.

Ká má gbàgbé Etiópíà. Àwọn Júù ibẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Beta Israel, kò mọ àlàyé àwọn rábì rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, nítorí wọ́n jìnnà sí àwọn yòókù. Gé'ez ni wọ́n fi ń gbàdúrà, dípò Hébérù. Àwọn àlùfáà tí wọ́n ń pè ní kes ló ń darí wọn, ìlù àti agogo sì wà nínú orin ìsìn wọn. Àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn Ọjọ́ Ètùtù, wọ́n máa ń gun òkè lọ gbààwẹ̀ àti láti ka òfin sókè, àjọ̀dún náà ń jẹ́ Sigd. Láàárín 1984 sí 1991 ni wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sí Ísírẹ́lì, ní 2008 sì ni ìjọba ibẹ̀ sọ Sigd di àjọ̀dún orílẹ̀-èdè.

Àwọn tó ń dé fìlà onírun ńkọ́? Hasid ni wọ́n. Ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Baal Shem Tov, tó kú lọ́dún 1760. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé ayọ̀ àti ìtara ọkàn ń gbé àdúrà ẹni tí kò kàwé dé ọ̀run bíi ti ọ̀mọ̀wé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mì, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ohùn lásán. Inú àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Vilna kò dùn sí i rárá, lọ́dún 1772 wọ́n lé wọn kúrò nínú ẹgbẹ́. Ibi tó wá ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà rèé: Ashkenazi pọ́ńbélé ni Hasid, ṣùgbọ́n ìwé àdúrà wọn ń jẹ́ “ti Sefaradi”, torí pé wọ́n tẹ̀ lé ètò Rábì Isaac Luria ti ìlú Safed, èyí tó mú púpọ̀ lọ́dọ̀ Sefaradi. Sefaradi gidi tó bá wọ àárín wọn kò ní mọ orin kan.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kàn. Títí di nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Orthodox, ìyẹn àwọn tó di òfin àtijọ́ mú ṣinṣin, nítorí kò sí òdìkejì rẹ̀. Lọ́dún 1810, olówó kan tó ń jẹ́ Israel Jacobson kọ́ ilé ìsìn sí ìlú Seesen ní Jámánì, ó gbé dùùrù sínú rẹ̀. Àwọn ará Hamburg ṣí tiwọn lọ́dún 1818, pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, ìwàásù ní èdè Jámánì, àti ìwé àdúrà tí wọ́n ti tún ẹ̀bẹ̀ nípa pípadà sí Síónì àti rírú ẹbọ kọ. Àwọn Júù Jámánì ń gbìyànjú nígbà náà kí ìjọba lè kà wọ́n sí ọmọ onílùú, ojú sì ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé wọn nítorí ariwo sínágọ́gù àtijọ́. Wọ́n fẹ́ kí ìsìn wọn létò bíi ti àwọn Kírísítẹ́nì tó yí wọn ká, mi ò sì rò pé a lè dá wọn lẹ́bi. Bí ẹgbẹ́ Reform ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Dùùrù ni ìjà bẹ̀rẹ̀ lé lórí, ó sì lè yà yín lẹ́nu, torí Orin Dáfídì kún fún háàpù àti kìm̀bálì. Àwọn rábì àtijọ́ sọ pé bí ohun èlò orin bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Sábáàtì, ẹni tó ń lò ó lè gbàgbé kó tún un ṣe, títúnṣe sì jẹ́ iṣẹ́. Wọ́n tún ní orin Tẹ́ḿpìlì ti kú pẹ̀lú Tẹ́ḿpìlì, ọ̀fọ̀ rẹ̀ la sì ń ṣe. Orthodox ṣì dúró lórí èyí: ẹ ò ní gbọ́ dùùrù tàbí gìtá nínú ìsìn Sábáàtì wọn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn pàápàá wọn kì í lò ó lọ́jọ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, Reform lọ jìnnà ju ti Jámánì lọ. Ó tó àsìkò kan tí ọkùnrin ń gbàdúrà láìdé fìlà nínú ọ̀pọ̀ ilé ìsìn wọn, tí àwọn ìjọ kan sì ń ṣe ìsìn ní Sunday. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sí fìlà àti Hébérù báyìí. Gìtá inú fídíò kejì kì í ṣe ohun àtayébáyé o: ibùdó tí wọ́n ń kó ọmọ lọ nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ni orin yẹn ti jáde, olórin bíi Debbie Friedman sì sọ ọ́ di ti gbogbo ìjọ láti àwọn ọdún 1970.

Conservative, tí wọ́n ń pè ní Masorti ní Ìlú Ọba, wà láàárín. Wọ́n gbà pé òfin de èèyàn, wọ́n sì gbà pé àwọn rábì lè tún un gbé yẹ̀ wò. Ní 1950, ìgbìmọ̀ wọn gbà kí èèyàn tí ilé rẹ̀ jìnnà máa wa mọ́tò wá sí sínágọ́gù lọ́jọ́ Sábáàtì, ibẹ̀ nìkan. Ní 1973 wọ́n gbà kí wọ́n ka obìnrin mọ́ èèyàn mẹ́wàá tó ń para pọ̀ di minyan.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ni àlejò máa kọ́kọ́ rí. Nínú Orthodox, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń kà mọ́ minyan, obìnrin ń jókòó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọkùnrin ló sì ń ka Tórà níwájú gbogbo ìjọ. Níbi yòókù, ìkélé ti lọ. Ìlú Offenbach ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi obìnrin jẹ rábì, Regina Jonas ará Berlin, ní 1935. Àwọn Nazi pa á ní Auschwitz. Reform ti Amẹ́ríkà fi Sally Priesand jẹ ní 1972, Conservative fi Amy Eilberg jẹ ní 1985.

Èyí ló mú mi padà sí ìbéèrè méjì yẹn. Pípín sí Orthodox, Conservative àti Reform, ọ̀rọ̀ Ashkenazi ni. Àwọn ará Mòrókò àti Ìráàkì kò pín bẹ́ẹ̀. Ní Ísírẹ́lì, ẹ lè rí ọmọ Mòrókò tó jí lọ sí sínágọ́gù ní àárọ̀ Sátidé, tó kọ gbogbo orin láìwo ìwé, tó sì wa mọ́tò lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án. Ó mọ̀ pé òfin kò gbà á. Kò sọ pé kí wọ́n yí òfin padà, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ìjọ mìíràn sílẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé ṣé Reform ni, ó lè bínú. Amẹ́ríkà yàtọ̀: nínú ìwádìí tí àjọ aṣèwádìí Pew ṣe ní 2020, 37 nínú 100 àwọn Júù tó ti dàgbà ní Reform làwọn, 17 ní Conservative, 9 ní Orthodox, 32 sì ní àwọn ò sí níbì kankan.

Níbi Ògiri Ìwọ̀-oòrùn ní Jerúsálẹ́mù, ògiri tó ṣẹ́ kù lára àgbàlá Tẹ́ḿpìlì, ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé, ètò Orthodox ni ìjọba ń tẹ̀ lé: ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Láti 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ti ń wá síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Hébérù láti gbàdúrà sókè pẹ̀lú ìborùn àti Tórà, àwọn mìíràn sì máa ń fọn fèrè kí wọ́n lè bo ohùn àwọn obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ní 2016, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún apá gúúsù ògiri náà ṣe fún àwọn tó fẹ́ gbàdúrà tọkùnrin tobìnrin pọ̀. Nígbà tó fi máa di 2017, wọ́n ti dá a dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Stamford Hill kò jìnnà sí yín, Hasid lẹ̀ ń rí lójú pópó, wọn kì í sì í sábà pe ẹni tí wọn ò mọ̀ síbi ìsìn wọn. Ibi iṣẹ́ ni ìwé ìpè ti máa ń wá, nígbà tí ọmọkùnrin ọ̀gá yín bá pé ọdún mẹ́tàlá tó fẹ́ ka Tórà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú sínágọ́gù tó jẹ́. Bó bá jẹ́ Orthodox, ẹ pa fóònù, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má sì fún ọmọ lówó níbẹ̀ o, kò ní fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ Sábáàtì. Ẹ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sílé wọn lọ́jọ́ mìíràn. Ọkùnrin á dé fìlà, wọ́n sábà máa ń ní èyí tí àlejò lè yá lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin á bo èjìká àti orúnkún. Ìsìn náà lè gbà tó wákàtí mẹ́ta, ẹ̀yin sì kọ́ lẹ máa pẹ́ dé jù. Ẹ ó rí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó máa yẹ báàgì yín wò, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Bí ọmọ náà bá kà á tán, àwọn ará lè máa ju súìtì lù ú. Lẹ́yìn ìsìn, wáìnì àti oúnjẹ ló kù. Òfin kò gbà kí wọ́n dáná lọ́jọ́ náà, nítorí náà láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ìkòkò ti máa ń wà lórí iná tó rọra ń jó: lọ́dọ̀ Ashkenazi, ẹ̀wà, báálì àti ẹran ni wọ́n máa ń sè pọ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará Ìráàkì, odindi adìyẹ tí wọ́n ki ìrẹsì sínú rẹ̀.